Kíndìnrín Alátọ̀gbẹ: Kí Ọ̀rọ̀ Tó Dé Ìdí Ẹ̀rọ

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìkéde kan jáde láti Àbújá tí ó mú ọkàn ọ̀pọ̀ ìdílé fúyẹ́. Ìjọba Àpapọ̀ sọ pé Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti fọwọ́ sí i kí owó tí aláìsàn kíndìnrín ń san láti fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní ẹ̀ẹ̀kan. Ilé ìwòsàn mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, wọn kò sì kó gbogbo rẹ̀ sí apá kan orílẹ̀-èdè. Bí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Èbúté-Mẹ́ta àti ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ti wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Jábì ní Àbújá, Màídúgùrì, Azare ní ìpínlẹ̀ Bauchi, Òwèrè, Benin àti Kàlàbá wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣòwò ní Màídúgùrì, tàbí èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kàlàbá, rí i pé kò di dandan kí òun di ẹrù padà sílé kí òun tó rí ẹ̀dínwó náà jẹ.

Kò sí ẹni tí kò ní kan sáárá sí irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi ìṣirò sí i, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́yìn. Ìlànà ìṣègùn ni pé kí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá máa fọ ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní ₦50,000, ₦150,000 lọ́sẹ̀ nìyẹn, tí í ṣe ₦7,800,000 lọ́dún. Ní ₦12,000, ó di ₦36,000 lọ́sẹ̀, tí í ṣe ₦1,872,000 lọ́dún. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin ọdún 2024 là kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́ jẹ́ ₦70,000, èyí tí í ṣe ₦840,000 lọ́dún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá jẹun, tí kò san owó ilé, tí kò sì rán ọmọ nílé ìwé, gbogbo owó ọdún rẹ̀ kò tó ìdajì owó ẹ̀rọ tí wọ́n ti dín kù náà. Ìṣirò yìí kò tíì kan owó ọkọ̀, owó oògùn àti owó àyẹ̀wò.

Nítorí náà, lẹ́yìn ìdúpẹ́, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí gbogbo aráàlú bi ara wọn: ta ni ń dé ìdí ẹ̀rọ yìí, ọ̀nà wo ni ó sì gbà débẹ̀? Káàkiri àgbáyé, àtọ̀gbẹ ni ó ń ṣáájú nínú ohun tí ń sọ kíndìnrín di aláìwúlò. Ní Nàìjíríà, òun pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àwọn àrùn mìíràn tí ń kọlu kíndìnrín fúnra rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ ibi náà. Nínú àgbàlagbà mẹ́ta tí ó ní àtọ̀gbẹ, nǹkan bí ẹnìkan ni àrùn kíndìnrín wà lára rẹ̀, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ènìyàn ti gbà pé bí àtọ̀gbẹ bá ti fọwọ́ kan kíndìnrín, ọ̀nà àlọ nìkan ni ó kù, kò sí àbọ̀. Àwọn oníṣègùn pàápàá kò ní ohun púpọ̀ láti fi ta kò ó. Ìgbàgbọ́ yẹn ti di ohun àná. Láàárín ọdún 1993 sí ọdún 2024, ìwádìí lórí ìwádìí ti fi hàn pé wọ́n lè dín ìrìn àrùn náà kù, àti pé bí wọ́n bá tètè rí i, ó lè padà sẹ́yìn. Ẹ̀dínwó ìdí ẹ̀rọ ń ran ẹni tí odò ti gbé lọ́wọ́. Ohun tí ó kù ni bí ènìyàn kò ṣe ní ṣubú sínú odò náà rárá.

BÍ ÀTỌ̀GBẸ ṢE Ń BA KÍNDÌNRÍN JẸ́

Kíndìnrín méjì ni Ọlọ́run dá mọ́ ènìyàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù lọ. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni asẹ́ kéékèèké bíi mílíọ̀nù kan wà, tí ojú lásán kò lè rí. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá léraléra. Láàárín wákàtí 24, omi tí àwọn asẹ́ yìí ń sẹ́ tó nǹkan bí lítà 180. Kíndìnrín a dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, lítà kan tàbí méjì péré tí ó ru ìdọ̀tí ara ni yóò jáde bí ìtọ̀. Ṣúgà pàápàá a bá omi náà kọjá, kíndìnrín a sì kó o padà, nítorí ohun tí ara nílò ni.

Obìnrin tí ó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé bí wọ́n bá ń fi agbára fún aṣọ asẹ́ jù lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ yóò fẹ̀, ohun tí kò yẹ kí ó kọjá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ kíndìnrín alátọ̀gbẹ rí. Nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín a máa ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó láti kó o padà. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń wọ inú àwọn asẹ́ a pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ṣúgà náà a sì máa ba ògiri àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín jẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún wà níbẹ̀, a dà bí iná tí wọ́n bu epo sí.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ń jò jáde ni èròjà amúaradàgbà kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní albumin. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n tí ń jò kéré débi pé ìtọ̀ a mọ́ kedere. Kò ní dun ènìyàn, kò ní gbóná, kò ní dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni jíjò náà yóò pọ̀, tí àwọn asẹ́ yóò máa di àpá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí wú, tí ìtọ̀ ń hó bí omi ọṣẹ, tí àárẹ̀ ń mú ni láìṣiṣẹ́, tí oúnjẹ kò wu ni jẹ mọ́, apá púpọ̀ nínú kíndìnrín ti lè bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ń dúró de ìrora kí ó tó lọ sí ilé ìwòsàn ń dúró de ìránṣẹ́ tí kì í tètè dé.

Ẹ̀tàn kan tún wà nínú àrùn yìí tí ó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́kún. Kíndìnrín wà lára ohun tí ń mú insulin kúrò nínú ara. Bí kíndìnrín bá ti ń kú lọ, insulin a máa pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ṣúgà a sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Aláìsàn tí ó ti ń bá ṣúgà gíga jà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò ṣàdédé rí i pé oògùn rẹ̀ ti ń lágbára jù fún un. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń mu àgbo kan ní àkókò náà, yóò gbà pé àgbo náà ni ó wo òun sàn, yóò dúpẹ́, yóò sì jó. Òtítọ́ ibẹ̀ sì lè jẹ́ pé kíndìnrín ni ó ń re ìwàlẹ̀ àsà. Alátọ̀gbẹ tí ṣúgà rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀ láìnídìí gbọ́dọ̀ lọ yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò kí ó tó máa yọ̀.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ TI FI HÀN

Ọdún 1993 ni ìlẹ̀kùn kọ́kọ́ ṣí. Ní ọdún náà, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 409 tí irú àtọ̀gbẹ kìíní ti bá kíndìnrín wọn jà. Wọ́n fún apá kan wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń jẹ́ captopril. Láàárín àwọn tí ó lò ó, iye àwọn tí ó kú, tàbí tí ó dé ìdí ẹ̀rọ, tàbí tí wọ́n ní láti pààrọ̀ kíndìnrín fún, dín kù sí ìdajì bí a bá fi wọ́n wé àwọn tí kò lò ó. Orísun oògùn náà yẹ ní gbígbọ́: oró paramọ́lẹ̀ ilẹ̀ Bùràsíìlì kan tí wọ́n ń pè ní jararaca ni ó fi ọ̀nà han àwọn onímọ̀, lẹ́yìn tí ọ̀mọ̀wé ará Bùràsíìlì, Sérgio Ferreira, ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Oró tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹran lọ sílẹ̀ lójijì di ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ṣe oògùn tí ń rọ agbára ẹ̀jẹ̀ nínú asẹ́ kíndìnrín.

Ní ọdún 1993 kan náà ni ìwádìí ńlá mìíràn parí, lórí ènìyàn 1,441 tí wọ́n ní irú àtọ̀gbẹ kìíní. Ó fi hàn pé àwọn tí wọ́n kápá ṣúgà wọn dáadáa fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀ dín jíjò albumin ìbẹ̀rẹ̀ kù ní ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 1998, ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lórí àwọn ènìyàn tí ó lé ní 5,000, tí wọ́n ní irú kejì tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà, sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Ìwádìí ọ̀hún tún fi kún un pé kíkápá ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe pàtàkì bí kíkápá ṣúgà ti ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2001, losartan, tí í ṣe ìbátan captopril nínú iṣẹ́, dín iye àwọn tí kíndìnrín wọn daṣẹ́ sílẹ̀ kù ní ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ènìyàn 1,513 tí wọ́n ní irú kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan dákẹ́ fún bí ọdún méjìdínlógún. Ní ọdún 2019 ni èsì ìwádìí oògùn canagliflozin jáde, lórí ènìyàn 4,401. Ewu kí kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kí àrùn kíndìnrín tàbí ti ọkàn pa ènìyàn, dín kù ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn aláṣẹ ìwádìí náà dá a dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí pé àǹfààní rẹ̀ ti hàn gbangba. Ní ọdún 2020, ìbátan rẹ̀ tí ń jẹ́ dapagliflozin ṣe bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn 4,304. Ti tirẹ̀ jẹ́ ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì wúlò fún àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ pẹ̀lú. Lórí oògùn àtijọ́ ni wọ́n fi àwọn tuntun yìí kún, kì í ṣe pé wọ́n fi wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ àwọn oògùn yìí rọrùn láti yé ni. Wọ́n ń sọ fún kíndìnrín pé kí ó má wulẹ̀ kó gbogbo ṣúgà padà mọ́, kí ó jẹ́ kí díẹ̀ bá ìtọ̀ lọ. Bí ṣúgà ti ń jáde ni agbára tí ń ti asẹ́ ń rọlẹ̀. Èèpo gbòǹgbò igi ápù ni ìmọ̀ náà ti ṣẹ̀: ní ọdún 1835 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ti yọ èròjà rẹ̀ jáde, ó sì gbà ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó rí ọ̀nà sọ ọ́ di oògùn tí ara lè gbà. Ní ọdún 2020 bákan náà ni finerenone fi tirẹ̀ kún un. Ní ọdún 2024, semaglutide, abẹ́rẹ́ ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ fífọn, fi hàn láàárín ènìyàn 3,533 pé òun dín ewu ńlá kíndìnrín kù ní ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni wọ ilé olóògùn lọ rà wọ́n fúnra rẹ̀. Captopril àti àwọn ìbátan rẹ̀ léwu fún aboyún, wọ́n sì gba kí oníṣègùn máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àwọn oògùn tí ń mú ṣúgà jáde lè dá àrùn sílẹ̀ ní ojú ara, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá wọn dúró nígbà tí aláìsàn bá ń bì, tí ó ń ṣu gbuuru tàbí tí kò lè jẹun. Mùsùlùmí tí ó ń lò wọ́n gbọ́dọ̀ bá oníṣègùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tí òòyì bá ti kọ́ ọ.

ṢÉ Ó LÈ PADÀ SẸ́YÌN NÍTÒÓTỌ́?

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ní apá méjì, ó sì yẹ kí ènìyàn gba méjèèjì pọ̀.

Apá kìíní dùn. Ní ọdún 2003, àwọn oníṣègùn ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ròyìn bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ènìyàn 386 tí wọ́n ní irú àtọ̀gbẹ kìíní, tí albumin sì ti bẹ̀rẹ̀ sí jò díẹ̀díẹ̀ nínú ìtọ̀ wọn. Láàárín ọdún mẹ́fà, jíjò náà padà sẹ́yìn lára ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àwọn tí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún jù ni àwọn tí wọ́n tètè rí i lára wọn, tí ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò ga. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1998, ìròyìn kan ti ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Wọ́n yẹ kíndìnrín alátọ̀gbẹ mẹ́jọ wò lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀yà ara tí ń pèsè insulin fún wọn, tí ṣúgà wọn sì ti di ti aláìlárùn. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìbàjẹ́ inú kíndìnrín wọn wà bó ti wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pé ọdún mẹ́wàá, ó ti ń parẹ́. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kíndìnrín lè tún ara rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe kíákíá. Ẹni tí ó bá fi oṣù mẹ́ta lo oògùn, tí ó sì jù ú nù nítorí pé kò rí ìyàtọ̀, kò tíì fún kíndìnrín rẹ̀ láyè.

Apá kejì korò. Asẹ́ tí ó bá ti di àpá kò ní jí mọ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ tán, ẹ̀rọ tàbí ìpààrọ̀ kíndìnrín ni ó kù fún un. Láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin yìí ni àwọn oògùn òde òní ti ń ṣe iṣẹ́ wọn tí ó tóbi jù, èyí tí í ṣe dídín ìrìn kù. Àrùn tí ìbá gbé ènìyàn dé ìdí ẹ̀rọ ní ọdún márùn-ún lè di ti ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún bàbá tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìwé gíga, àfikún ọdún wọ̀nyí kì í ṣe ohun kékeré. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi gbohùngbohùn kéde ní gáréèjì pé ìgò kan ṣoṣo yóò wo kíndìnrín tí ó ti kú sàn ń pa irọ́ tí ń pa ènìyàn.

ÀYẸ̀WÒ TÍ KÒ GBỌDỌ̀ FO ỌDÚN KAN

Àìtètè mólè, olè mólóko. Ohun tí ó ya ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ padà sẹ́yìn sọ́tọ̀ sí ẹni tí ó dé ìdí ẹ̀rọ kì í sábà ju àkókò tí wọ́n rí àrùn náà lọ. Àyẹ̀wò méjì ni ó sì ń fi í hàn. Èkínní ni ti ìtọ̀, láti mọ̀ bóyá albumin ti ń jò àti bí ó ti pọ̀ tó. Èkejì ni ti ẹ̀jẹ̀, láti mọ ìwọ̀n ìdọ̀tí tí wọ́n ń pè ní creatinine, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò bí kíndìnrín ti ń ṣiṣẹ́ sí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán, ni ó yẹ kí alátọ̀gbẹ ṣe méjèèjì. Ẹni tí ó ní irú kejì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ, nítorí pé àrùn náà lè ti wà lára rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó mọ̀. Ẹni tí ó ní irú kìíní a bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ ni ó ń yẹ ṣúgà wò lóṣooṣù tí kò yẹ ìtọ̀ wò rí. Wọ́n gbà pé bí ṣúgà bá ti dára, gbogbo rẹ̀ ti dára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ wà ní ìwọ̀n, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru, ṣì ń fi asẹ́ rẹ̀ wewu. Bí oníṣègùn kò bá sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ìtọ̀, kò sí àrífín nínú kí aláìsàn béèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ ti wo albumin mi lọ́dún yìí?"

ỌMỌ YORÙBÁ LẸ́YÌN ODI

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ní bí ó ṣe kan àwọn tí ń gbé ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Mínnà, Sókótó tàbí Pọ́tà. Èkínní ni pé fáìlì wọn sábà máa ń pín sí méjì. Ọ̀kan wà ní ilé ìwòsàn níbi tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, èkejì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀ffà níbi tí wọ́n ń lọ fún ọdún. Oníṣègùn ti ìhín kò mọ ohun tí ti ọ̀hún kọ. Àrùn tí ó jẹ́ pé bí nọ́ńbà ti ń yí padà láti ọdún dé ọdún ni wọ́n fi ń mọ ìrìn rẹ̀ kò bá irú èyí mu. Ìwé kékeré kan tí ènìyàn ń kọ èsì ṣúgà, ẹ̀jẹ̀, albumin àti creatinine rẹ̀ sí, tí ó sì ń gbé kiri bí ó ti ń gbé owó ọkọ̀, yóò ṣe iṣẹ́ ńlá.

Èkejì ni oògùn apàrora. Ẹni tí ó ń ru ẹrù, tí ó ń wakọ̀ láti Kánò dé Èkó, tàbí tí ó ń dúró ní ìsọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kì í pẹ́ kí ó tó mọ ilẹ̀kùn kẹ́míìsì. Ibuprofen àti diclofenac wà níbẹ̀, wọ́n sì rọrùn láti rà. Fún alátọ̀gbẹ tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń jò, pàápàá bí ó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, lílò wọn lójoojúmọ́ dà bí fífi òkò lu asẹ́ tí ó ti ya. Àgbo tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ wà ní ipò kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìpara abóra tí wọ́n po mẹ́kúrì mọ́.

Èkẹta ni oúnjẹ. Kò sí ohun tí ó sọ pé kí ọmọ Yorùbá ṣíwọ́ jíjẹ àmàlà tàbí kí ó kọ túwó tí ó bá nílùú àjò. Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀: kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín máa wọlé déédéé, kí iyọ̀ àti mágí dín kù, kí ọtí ẹlẹ́rìndòdò má sì jẹ́ omi tí wọ́n fi ń pòùngbẹ. Sìgá ní tirẹ̀ kò ní ìwọ̀n kankan tí ó dára fún kíndìnrín.

Agbára kan wà lọ́wọ́ àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wà nílé kò ní: ìpàdé ọmọ ìlú. Ẹgbẹ́ tí ń dá owó ìsìnkú jọ, tí ń fi ọkọ̀ gbé òkú ọmọ ẹgbẹ́ lọ sílé, lè pe nọ́ọ̀sì kan wá ní ìpàdé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kí ó wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó yẹ ṣúgà wò, kí ó sì yẹ ìtọ̀ wò fún gbogbo ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún. Owó tí yóò ná wọn kò lè tó owó àpótí kan. Ẹgbẹ́ kan náà lè fi orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò ìlera. Òfin ọdún 2022 ti sọ ètò náà di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà, ó sì yẹ kí àlejò ọlọ́jọ́ pípẹ́ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé, kí ó má ṣe dúró de ti ìpínlẹ̀ tí wọ́n bí i sí.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN ÌJỌBA

Ìpìlẹ̀ kò ṣàìsí nílẹ̀. Òfin ìlera ọdún 2014 ya owó sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Òfin ìnáwó ọdún 2021 fi owó orí ₦10 lé lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àwọn oògùn tí ń mú ṣúgà bá ìtọ̀ jáde kún àwọn oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣàìní. Ní ọdún 2025, wọ́n fi semaglutide àti díẹ̀ nínú àwọn ìbátan rẹ̀ kún un. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 kan náà, ìpàdé gbogbogbòò àjọ náà ní Geneva fọwọ́ sí ìpinnu àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lórí ìlera kíndìnrín, pé kí àwọn ìjọba tètè máa wá àrùn náà rí, kí wọ́n má ṣe dúró de òpin rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni kí wọ́n so àwọn ìpìlẹ̀ yìí pọ̀. Ọ̀pá ìdánwò ìtọ̀ kò wọ́n, ó sì yẹ kí ó wà ní gbogbo ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, ní abúlé àti ní ìgboro. Losartan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di oògùn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ṣe, kò sì yẹ kí adójútòfò kankan yọ wọ́n sílẹ̀. Dapagliflozin náà ti wà ní ọwọ́ àwọn tí ń ṣe oògùn ní owó pọ́ọ́kú ní Íńdíà. Ó ti di dandan kí Nàìjíríà rà á lọ́pọ̀ tàbí kí ó máa ṣe é nílé, pàápàá lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ ńlá bíi GSK ti kéde ní ọdún 2023 pé òun ń kógbá sílé, tí owó oògùn sì fò sókè. Náírà tí ìjọba bá ná sórí àyẹ̀wò ìtọ̀ àti oògùn ojoojúmọ́ yóò dín iye àwọn tí yóò tò sí ìdí ẹ̀rọ lọ́la kù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀dínwó ọdún 2025 yóò máa sáré tẹ̀ lé àwọn ènìyàn tí ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, kò sì ní lè bá wọn.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àrùn kíndìnrín alátọ̀gbẹ ti di ìrókò tí ó ṣeé pẹ̀ka. Àdá rẹ̀ wà nílẹ̀, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò sì wà ní gbogbo ìpínlẹ̀. Àjò kò dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ó yẹ kí onílé fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ìgò ìtọ̀ kékeré kan lọ́dún wà lára ohun tí yóò mú kí ó rí bẹ́ẹ̀.